Àwa Tí A Ń Ta Máìlì Èkó sí Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró, ẹni tí iṣẹ́ bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ ṣe é tán kó tó padà wá. Nígbà tí mo wà ní géńdé, ọ́fíìsì kan wà ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ibẹ̀ ni mo sì ti rí owó tí mo fi tọ́ àwọn òbí yín. Lórí tábìlì àárín ọ́fíìsì náà ni ìwé gbàǹgbà kan máa ń wà, èyí tí ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ ó rò pé ìwé òfin ni, tàbí ìwé àdúrà. Rárá o. Máìlì ló kún inú rẹ̀ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, ìlú sí ìlú: Èkó sí Accra, Èkó sí Kánò, Èkó sí Róòmù, Róòmù sí Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo rẹ̀ ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, nọ́ńbà wọn sì kéré débi pé ọ̀gá wa kò lè kà á láìwọ awò. Bí oníbàárà bá wọlé, tó ní òun ń lọ Ìlú Ọba, ìwé yẹn la ó kọ́kọ́ ṣí kí a tó fẹnu ba owó. Máìlì là ń tà, bí aláṣọ ṣe ń ta ọ̀pá.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ iye rẹ̀ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ ìwòyí kì í ní sùúrù, ẹ ó ti máa fa fóònù yọ. Bí bàálù bá gbéra ní Ìkẹjà, tó fò tààrà, tí kò yà síbì kankan, ìrìn tí yóò rìn kó tó balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 5,000 kìlómítà, ìyẹn bíi 3,100 máìlì. Ẹni tó bá fetí sí tíṣà jọ́gíráfì rẹ̀ kò sì nílò fóònù láti mọ̀ ọ́n. Èkó wà ní dìgírì 6 àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì. Lọ́ńdọ̀nù wà ní 51 àti ààbọ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó ku 45. Dìgírì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 111. Ẹ fi 45 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó ku márùn-ún péré kó pé 5,000. Ohun tó jẹ́ kí ìṣirò náà rọrùn bẹ́ẹ̀ ni pé Lọ́ńdọ̀nù kò yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì wa tó ohun tí à ń sọ, òkè wa gangan ló wà, bíi dìgírì mẹ́ta ni gbogbo ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ tó wà láàárín wa. Ìdí nìyí tí ara kì í fi í dàrú mọ́ ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lọ́wọ́. Wákàtí kan ṣoṣo ni aago wa fi ṣáájú tiwọn; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n bá ti sún aago síwájú, tiwa àti tiwọn a dọ́gba. Ẹni tó lọ sí New York, tó jìn ju 8,000 kìlómítà lọ, òun ló ń sùn lọ́sàn-án tó ń lajú kalẹ̀ lóru.

Ohun mìíràn tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tó ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n ka Kánò mẹ́fà. Láti Èkó sí Kánò lójú òfurufú kò ju bíi 830 kìlómítà lọ, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ ló sì gbé ọ dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó ti wọ rélùwéè láti Ìddó dé Kánò rí, tí ìrìn náà ju 700 máìlì lọ lórí irin, tí wọ́n ti fi eruku dúdú ọkọ̀ náà wẹ̀, tí wọ́n ti ra ẹyin sísè lójú fèrèsé ní ibùdókọ̀ tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n a mí kanlẹ̀, wọ́n a ní, "Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ máìlì kankan létí, ọjọ́ mẹ́tàlá ni Ìlú Ọba jìn sí wa. Bí àwọn àgbà ṣe ń wí i nìyẹn ní agboolé wa ní Abẹ́òkúta, kò sì sẹ́ni tó béèrè kìlómítà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ tó bá ń lọ kàwé ń wọ̀, ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà, ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, orúkọ mẹ́ta sì wà tí kò lè parẹ́ lẹ́nu ẹni tó gbé ayé ìgbà náà: Accra, Apapa, àti Aureol, tó dé ní 1951, tó funfun báláú lójú omi ọ̀sà. Láti Àpápá ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n a yà ní Takoradi, wọ́n a yà ní Freetown, wọ́n a yà ní Las Palmas, kí wọ́n tó forí lé Liverpool, níbi tí èrò yóò ti bọ́ sílẹ̀ kó tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi WhatsApp dágbére fún ara yín, ẹ kò mọ ohun tí ìdágbére ń jẹ́. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kan ń lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, mi ò tíì wọ ṣòkòtò gígùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mi ò rántí níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ ya fótò. Kóòtù tó wọ̀, ọwọ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ló ti yá a. Ó fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, ìyá rẹ̀ jókòó, bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nínú fótò nígbà náà, àfi ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ẹbí tó jẹ́ Mùsùlùmí náà pe àwọn ààfáà tiwọn wá sí ojúde, wọ́n ní àdúrà kì í pọ̀ jù lórí ẹni tó ń lọ sójú òkun, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ṣe àmín. Lọ́rí méjì ló kó wa lọ sí Àpápá, pẹ̀lú aṣọ ẹbí, pẹ̀lú onísákárà.

Ìyá àgbà ló di ẹrù oúnjẹ. Gàrí Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ẹlùbọ́ wà níbẹ̀, ata gígún àti ègúsí wà nínú agolo tí wọ́n ní kí tíńkà jó ẹnu rẹ̀ pa. Gbogbo ènìyàn ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má di irú. Ó bi wọ́n pé ṣé ọbẹ̀ tí kò ní irú ni ọmọ òun yóò máa jẹ títí tí yóò fi di lọ́yà. Ó fi ewé wé e, ó fi ìwé ìròyìn wé e lé e, ó fi àkísà wé e lé ìyẹn náà, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ òtútù tí wọ́n ti kó káńfọ̀ sí. Láti Abẹ́òkúta dé Àpápá ni irú àti káńfọ̀ ń bá ara wọn jà nínú àpótí kan ṣoṣo yẹn, kò sì sí ẹni tó wà nínú lọ́rí tí kò mọ èyí tó borí. Ní ẹnu ọ̀nà èbúté, wọ́n ra àkàrà kọ́bọ̀ kan fún mi, ó sì yó mi; wọ́n ra búrẹ́dì tọ́rọ́ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, a kò lè jẹ ẹ́ tán. Kọ́bọ̀ ayé pọ́n-ùn àti ṣílè ni mo ń wí o, kì í ṣe èyí tí ẹ bá lẹ́yìn.

Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè, ìlù dákẹ́, ẹkún sì sọ. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Wọ́n mọ̀ pé bí ikú bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kò lè dé bá òkú kí wọ́n tó sin ín. Bí ó bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún, lẹ́tà ni yóò sọ fún wọn lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá tàbí lẹ́yìn tí kò bá yá mọ́. Ọjọ́ mẹ́tàlá kì í ṣe iye ọjọ́ lásán, àyà ni wọ́n fi ń kà á.

Bàálù kúkú ti ń fò nígbà náà, ṣùgbọ́n ti àwọn aláṣẹ, adájọ́ àti oníṣòwò ńlá ni. Ti BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù Ìlú Ọba, ló pọ̀ jù, wọ́n ń pe irú èyí tí wọ́n ń lò ní Argonaut, abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ló ní níwájú apá, ohùn rẹ̀ sì ń mi orí òrùlé. Kò lè fò tààrà. Láti Èkó, á yà ní Kánò, á la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Tripoli, á yà ní Róòmù, kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Irú rẹ̀ ló gbé Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Èkó ní January 1956, ní June ọdún kan náà sì ni òmíràn nínú wọn já ní Kánò bó ṣe ń gbéra, ènìyàn 32 sì bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá àgbà ní òun kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun kan tún ń bá ẹyẹ du ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ni wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Kánò ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ẹ̀yin ń fò kọjá láìyà níbẹ̀, ẹ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹnu ọ̀nà Nàìjíríà ni Kánò jẹ́ fún ẹni tó bá ń ti òkè bọ̀. Àwọn tó ti yà níbẹ̀ sọ fún wa pé bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn bàálù ní òru ọyẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ tó ń rùn bí eruku àti iná igi ló máa kọ́kọ́ wọlé kí wọ́n, ètè yóò sì ti là kí wọ́n tó mu tíì tí wọ́n gbé fún wọn tán. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gun ràkúnmí, tó wọ agbádá, tó ń fọn kàkàkí láti fi kéde pé bàálù ti balẹ̀. Àwọn òyìnbó ń ra fótò rẹ̀ lórí káàdì, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ti mọ̀ pé òun ti délé kó tó rí Èkó.

Ní 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ bàálù tí à ń pè ní WAAC sílẹ̀ fún àwa àti Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí Gold Coast gba òmìnira, tó di Ghana, tó sì yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, Nàìjíríà dá tirẹ̀ ṣe, èyí tó di Nigeria Airways, ní October 1958 ni orúkọ wa sì kọ́kọ́ wà lára ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́wọ́ BOAC la ti háyà bàálù. Stratocruiser ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tó ní àtẹ̀gùn nínú, tí èrò fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìgbafẹ́ tó wà nísàlẹ̀ lọ mu ọtí. Lẹ́yìn rẹ̀ Britannia, lẹ́yìn rẹ̀ Comet, lẹ́yìn rẹ̀ VC10. Ìgbà VC10 ni mo wọṣẹ́.

Pọ́n-ùn méjìdínlógún ni owó oṣù mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Owó sísì ló ń gbé ẹ̀bà àti ẹran méjì wá síwájú mi lọ́sàn-án, mo sì ń fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sílé. Ọwọ́ la fi ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ojú ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní kábọ̀n pupa, tí yóò tẹ ohun tí o kọ sókè sí ti ìsàlẹ̀, pupa rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀, débi pé ẹni tó bá bọ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjà máa ń wo ọwọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ oníbàárà, o ya gbogbo rẹ̀ nìyẹn, o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ba ìwé jẹ́.

Ìsinsìnyí ni mo wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìwé máìlì yẹn. Òfin àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé nígbà náà ni pé bí o bá san owó kíkún láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe 3,100 máìlì nìkan lo rà. Wọ́n á fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e fún ọ, ó di bíi 3,700. Ìlúkílùú tó bá wà lójú ọ̀nà, o lè yà níbẹ̀, kí o sùn, kí o ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe, kí o tún wọ bàálù mìíràn lọ, kò ní gbà ju owó Lọ́ńdọ̀nù lọ, bí àròpọ̀ máìlì rẹ kò bá ti kọjá 3,700 yẹn. Bó bá kọjá díẹ̀, wọ́n á fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó rẹ. Bó bá tún kọjá, ìdá mẹ́wàá. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹni tó mọ òfin yìí jù ní gbogbo Èkó kì í ṣe ọ̀gá wa. Ìyá kan ni, tó ń ta léèsì ní Balógun, tí kò mọ̀wé kà, tó ń tẹ̀ka sórí ìwé. Léèsì àtàtà ìgbà náà, Austria ló ti ń wá, lágbègbè Vorarlberg, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Lustenau, níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àpẹẹrẹ tí Yorùbá fẹ́ràn ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn ṣe. Ibẹ̀ kò ní pápá bàálù ńlá; Zurich ní Switzerland ló súnmọ́ ọn jù, láti ibẹ̀ wọ́n á fi ọ̀nà ilẹ̀ lọ. Ìyá yìí á wọlé, á jókòó síwájú mi, á tú gèlè, á ní, "Ọmọ mi, bá mi ka máìlì."

Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yà ní Róòmù ra bàtà. Mo ṣí ìwé: Èkó sí Róòmù, bíi 2,500. Láti Róòmù sí Zurich, 430. Ó di 2,930. Ó ní Páríìsì ńkọ́, ọmọ òun kan ń kàwé níbẹ̀. Zurich sí Páríìsì, bíi 300. Páríìsì sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi 215. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò pé 3,450. Mo rò pé a ti parí, mo fẹ́ mú bírò. Ìyá na ọwọ́ lé ìwé náà, ó wò mí lójú, ó ní, "Máìlì mi ò tíì tán." Ó mọ̀ pé ó ku bí 250, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ó ní kí n wò ó bóyá ìlú kan tún wà láàárín Páríìsì àti Lọ́ńdọ̀nù. Brussels wà níbẹ̀. Páríìsì sí Brussels, bíi 155, Brussels sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi 220. Ó wọlé, ó tún ṣẹ́kù! Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe ní Brussels. Ó ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n òun ti sanwó rẹ̀.

Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì kan kò gba ju ibi mẹ́rin lọ, méjì ni mo so pọ̀ fún un ọjọ́ náà, ọ̀gá mi sì wá dúró lẹ́yìn mi, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí. Ìyá náà ní owó Lọ́ńdọ̀nù lòun mú wá, owó Lọ́ńdọ̀nù náà lòun yóò san, ó sì kà á sórí tábìlì, owó tó dì sínú aṣọ, tó ń rùn bí àádùn. Ẹni tó bá ní àwọn ìyá wa kò mọ̀wé, kó má sọ pé wọn kò mọ ìṣirò.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Ní November 20, 1969, VC10 ti orílẹ̀-èdè wa kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, tó ti yà ní Róòmù àti Kánò, já sínú igbó nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ènìyàn 87 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa, gbogbo wa la ó gbójú sókè, nítorí a kò mọ̀ bóyá oníbàárà ni tàbí ẹbí tó fẹ́ bi wá ní orúkọ. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí èyí tó dùn. Ní pápá bàálù àtijọ́ ní Ìkẹjà, ibi kan wà lókè tí à ń pè ní waving base, tí àwọn ẹbí ti ń dúró juwọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tilẹ̀ mọ ẹnikẹ́ni nínú bàálù, afẹ́fẹ́ ni wọ́n wá gbà. Òórùn epo bàálù, tó dà bíi kẹrosíìnì tí oòrùn ti yan, máa ń gun òkè bá wa níbẹ̀, ó sì dára nímú mi títí di òní. Ẹkún kò pọ̀ mọ́ bíi ti Àpápá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó lọ lónìí lè padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí náírà dé ní 1973, náírà méjì ni pọ́n-ùn kan. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láìgba físà sílẹ̀ nílé. Aṣọ́bodè lọ́hùn-ún ni yóò bi í ní ìbéèrè kan tàbí méjì, yóò sì lu òǹtẹ̀. Mo mọ àwọn tó lọ ra aṣọ ìgbéyàwó lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n sì wà ní ìsìn ìdúpẹ́ l'Ékòó ní Sunday tó tẹ̀lé e. DC-10 dé fún Nigeria Airways ní 1976, erin abìyẹ́ tó jẹ́ àmì wọn ń fò lára rẹ̀. Pápá bàálù Murtala Muhammed ṣí ní 1979, wọ́n kọ́ ọ bíi ti Schiphol ní Amsterdam. Ojú wa là, a rò pé yóò máa là sí i ni.

Ohun kan wà nígbà náà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Nítorí pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀, àwọn ènìyàn ń padà wá sílé. Àjò kì í dùn, kó dùn, kí onílé má relé; ẹni tó mọ̀ pé òun lè tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní ìdí tí yóò fi sá pamọ́ sílé ẹlòmíràn. Àbúrò bàbá mi yẹn kàwé tán, ó dé, ó sì ṣe lọ́yà ní Abẹ́òkúta títí ó fi kú sí ilé tó kọ́. Nígbà tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn ni àwọn tó wà nínú kọ̀ láti jáde.

Ní 1986 ni. Ọdún kan náà ni ohun méjì ṣẹlẹ̀. Ìjọba Ìlú Ọba kéde pé àwa àti Ghana, India, Pakistan àti Bangladesh yóò máa gba físà kí a tó wá; ní September, ìjọba tiwa dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun sílẹ̀, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ títí tí kò fi rí ibi dì mú. Kí ọdún náà tó pé ni ìlà tó wà níwájú tábìlì mi ti dínkù. Àwọn tó kù kò béèrè Róòmù mọ́, wọn kò béèrè Zurich. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣáà bá wa wo èyí tí owó rẹ̀ kéré jù." Irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò ní máìlì nínú; ibi tí wọ́n bá ní kí o gbà lo ó gbà, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o padà lo ó padà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi fi gbogbo ọdún mi mọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Bàálù kò tíì yára sí i láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. VC10 kò lọ́ra ju èyí tí ẹ ń wọ̀ lónìí lọ, bí ìyàtọ̀ díẹ̀ bá wà, òun ló tún yára jù. Bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ẹ fi ń fò lọ tààrà lónìí: Ìbàdàn, Ìlọrin, odò Ọya, aṣálẹ̀ Niger àti Algeria, òkun Mẹditaréníà, ilẹ̀ Faransé, ẹ ti dé. Ojú ọ̀run ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ilẹ̀ ló ń gùn. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ń kọ, ìwé báńkì oṣù mẹ́fà, ìka tí ẹ ń lọ tẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi ń dúró de èsì, bí èsì bá tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó tí wọn kì í dá padà bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ mọ́ wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ yẹn. Nígbà tí ìwé físà yín bá fi jáde, Aureol ti dé Liverpool, ó ti já ẹrù, ó sì ti wà lójú omi tó ń padà bọ̀.

Aureol fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1974. Nigeria Airways kú ní 2003 lẹ́yìn gbèsè rẹpẹtẹ, ẹ má jẹ́ kí n sọ ẹni tó pa á, ọ̀rọ̀ náà gùn. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú lẹ́yìn rẹ̀. Ní March 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick, inú mi sì dùn sí i, mo gbàdúrà pé kó pẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ẹ bá ń palẹ̀ àpótí àwọn òbí yín mọ́, tí ẹ bá rí tíkẹ́ẹ̀tì tó ní kábọ̀n pupa lẹ́yìn, tàbí pásípọ́ọ̀tù tí òǹtẹ̀ kún inú rẹ̀, tàbí fótò ènìyàn tó fọwọ́ lé ẹ̀yìn àga tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, ẹ má kó o dà síná. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ àti orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì tètè bi wá léèrè ẹni tó jẹ́, nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì wà láyé.